Ta ni wọ́n fi wé ta ni? Bí mo ṣe ṣàlàyé ọ̀rọ̀ sìgá àti ọjọ́ orí fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan

Iṣẹ́ nọ́ńbà ni mò ń ṣe. Tí àwọn dókítà bá ṣe rísáṣì tán, èmi ni wọ́n máa ń kó ìwé rẹ̀ fún pé kí n bá wọn wo ohun tó wà nínú ẹ̀. Èmi fúnra mi kì í ṣe dókítà o, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní dókítà, mo ti jáwọ́ nínú à ń bá wọn jiyàn. Àwọn tí iṣẹ́ wa jọra ni mo ń kọ èyí sí, àwọn tó jẹ́ pé ọjọ́ kan ṣáá, ẹnì kan máa ní kí wọ́n wá ṣàlàyé èsì rísáṣì fún àwọn tí kò kàwé ìṣirò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe é tí kò bọ́ sí i, nígbà tó sì wá bọ́ sí i, kì í ṣe ọgbọ́n tèmi.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà n'Ìbàdàn níbí, àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn ìyá ọlọ́jà náà wà ńbẹ̀, ìyá mi wà lára wọn. Wọ́n ní gúrúùpù WhatsApp, ẹ sì mọ bí gúrúùpù àwọn àgbà ṣe máa ń rí, àdúrà àárọ̀, àgbo, fídíò, ẹ má jẹ èyí, ẹ má mu tọ̀hún. Lọ́jọ́ kan ẹnì kan wá gbé ọ̀rọ̀ kan síbẹ̀ pé wọ́n ṣe rísáṣì nílùú Òyìnbó, wọ́n sì rí i pé àwọn obìnrin tó ń mu sìgá ò kú tó àwọn tí kò mu ún rí. Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ náà, tíṣà àná, tó ti ń fa sìgá láti ìgbà tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Ayọ̀ yẹn kọjá sísọ. Kó tó di ọ̀sán ó ti gbé e síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí ìyàwó òun wá kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́. Ni ìyá mi bá pè mí, pé kí n wá bá àwọn dá sí i.

Ohun tó wá le nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé irọ́ kọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ WhatsApp míì wà tó jẹ́ pé o kàn máa sọ pé irọ́ ni, ó parí. Eléyìí, òótọ́ ni nọ́ńbà yẹn. Láàárín 1972 sí 1974, wọ́n lọ yẹ àwọn ará Whickham wò, ìlú kan lẹ́bàá Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ gẹ̀gẹ̀ àti àìsàn ọkàn ni wọ́n tìtorí ẹ̀ lọ, wọ́n sì bi wọ́n ní ọ̀rọ̀ sìgá mọ́ ọn. Lẹ́yìn 20 ọdún wọ́n padà lọ wo ẹni tó ṣì wà láàyè àti ẹni tó ti lọ. Tí a bá mú àwọn obìnrin nìkan, àwọn tó ń mu sìgá lọ́wọ́ nígbà yẹn àti àwọn tí kò mu ún rí, 1314 ni gbogbo wọn. Àwọn tó ń mu ún jẹ́ 582, 139 ti kú. Àwọn tí kò mu ún rí jẹ́ 732, 230 ti kú. Ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún, 24 ló kú lọ́dọ̀ àwọn amusìgá, 31 lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Àwọn onímọ̀ ìṣirò tó tẹ̀ ẹ́ jáde báyìí lọ́dún 1996, torí kí wọ́n lè fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé nọ́ńbà lè tanni ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́, àmọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ náà nìkan ló dé gúrúùpù.

Mo bá tẹ ìdáhùn ránṣẹ́. Mo ṣì ní in lórí fóònù mi, ojú máa ń tì mí tí mo bá kà á. Mo ní: "Ẹ káàsán o ẹ̀yin àgbà. Ọjọ́ orí ló da èsì yìí rú. Tí wọ́n bá ti ṣe àtúnṣe sí nọ́ńbà náà nítorí ọjọ́ orí, ẹ máa rí i pé àwọn tó ń mu sìgá ló kú jù." Mo rò pé mo ti parí iṣẹ́. Bàbá ò jẹ́ kó tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní: "Ṣé ẹ rí wọn? Tí nọ́ńbà bá ti sọ ohun tí wọn ò fẹ́ gbọ́, wọ́n á ní kí àwọn lọ tún un ṣe. Bí wọ́n ṣe ń tún ìbò ṣe nìyẹn." Èèyàn mọ́kànlá ló fi ẹ̀rín sí i, ìyá mi wà lára àwọn mọ́kànlá yẹn.

Mo bínú díẹ̀, kí n má parọ́. Àmọ́ nígbà tí mo jókòó rò ó, Bàbá ò jẹ̀bi. Ní ibi iṣẹ́ wa, àtúnṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ mímọ́, gbogbo ìwé tí a kọ ló wà ńbẹ̀, "a ti ṣe àtúnṣe fún ọjọ́ orí, fún èyí, fún tọ̀hún." Ẹni tó wà níta kọ́ ló máa gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe, ní orílẹ̀-èdè tiwa yìí ẹ̀wẹ̀, tí wọ́n bá ní wọ́n tún nọ́ńbà ṣe, ẹnì kan ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nìyẹn. Mo lọ mú ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti olè, mo fi ń ṣàpèjúwe iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun, mo wá ń retí pé kí wọ́n gbà mí gbọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, mo ní kí n sọ ọ́ lẹ́nu. Fóìsì ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo lo àpẹẹrẹ tí gbogbo wa kọ́ nílé ìwé, pé ní ìlú Òyìnbó, ìgbà tí wọ́n bá ń ra ice cream jù ni àwọn èèyàn máa ń kú sómi jù, pé kì í ṣe ice cream ló ń pa wọ́n, ooru ló mú kí wọ́n ra ice cream, ooru náà ló mú kí wọ́n lọ wẹ̀ lódò. Mo gbádùn ara mi nínú fóìsì yẹn gan-an. Ìyá mi pè mí nírọ̀lẹ́, ohùn ẹ̀ ti yí padà, ó ní, "Ta ló kú sódò?"

Kí ló fẹ́ kan ìyá ọlọ́jà Ìbàdàn pẹ̀lú ice cream àti odò? Ooru inú àpẹẹrẹ yẹn, ní ìlú tí ooru ò ti í lọ, kò já mọ́ nǹkan kan. Ó wá di pé mo fẹ́ la ọ̀rọ̀ kan yé wọn, mo tún gbé òmíràn tó nílò àlàyé lé e lórí.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mítìn. Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n máa ń ka owó àjọ, tí wọ́n bá kà á tán wọ́n á fún mi ní ogún ìṣẹ́jú. Mo ra kádíbọ́ọ̀dù, mo fi máákà kọ gbogbo tábìlì náà sí i, ọ̀wọ́ ọjọ́ orí méje, láti 18 sí 24 títí dé 75 sókè, ẹni tó kú, ẹni tó wà láàyè, amusìgá, ẹni tí kò mu ún rí. Mo gbé e sára ògiri. Àwọn kan wọ gíláàsì wọn. Ẹnì kan ti ń sùn kí n tó dé ọ̀wọ́ kẹta, ó ti ṣe tán, owó ẹ̀ ti pé.

Ibẹ̀ ni ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági ti dá mi dúró. Ó ní, "Dókítà, dúró ná. Àwọn obìnrin wọ̀nyí, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n nígbà tí wọ́n kọ orúkọ wọn?"

Ó ku díẹ̀ kí n sọ pé ó wà lára ògiri níbẹ̀ kẹ̀, àpá òsì, ẹ wò ó. Àánú Ọlọ́run ni mi ò fi sọ ọ́. Torí ìbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo ohun tí mo wá sọ, ó sì ti ẹnu wọn jáde, kì í ṣe tèmi. Mo ká kádíbọ́ọ̀dù, mo yí ẹ̀yìn ẹ̀ padà, mo kọ nǹkan méjì péré. Àwọn tó ti tó 65 sókè nígbà tí wọ́n kọ orúkọ wọn: lọ́dọ̀ àwọn amusìgá, 49 nínú 582. Lọ́dọ̀ àwọn tí kò mu ún rí, 193 nínú 732. Nínú ọgọ́rùn-ún, arúgbó 8 síbí, arúgbó 26 sọ́hùn-ún. Lẹ́yìn 20 ọdún ni wọ́n wá ka ẹni tó kú.

Mi ò tíì gbé máákà sílẹ̀ tí ìyá yẹn fi pariwo: "Hẹn-ẹ́n! Ẹ kó àwọn arúgbó jọ sápá kan, ẹ wá ń ka òkú!"

Ilé dàrú. Ẹni tó ń sùn jí. Ẹlòmíì ní ṣebí bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Wọ́n ní kí ló dé tó fi jẹ́ pé àwọn arúgbó ni kì í mu ún, mo sọ fún wọn pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin ni àwọn obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu sìgá gan-an, ẹni tó ti lé ní 65 lọ́dún 1972, nígbà èwe ẹ̀, obìnrin tó ń mu sìgá ò tíì pọ̀ láwùjọ wọn. Àwọn ọmọ ìgbà tó tẹ̀ lé e ló wá gbé e. Yàtọ̀ sí ìyẹn, arúgbó tí ì bá máa mu ún, sìgá ti lè gbé òmíràn lọ kí àwọn tó ń kọ orúkọ tó dé.

Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo ń wá. Mo ní ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ wé ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló túmọ̀ sí. Ní èdè wa, ẹgbẹ́ ẹni ni ẹni tí a jọ jẹ́ ojúgbà, gbogbo ìyá tó bímọ ló mọ̀ pé kò yẹ kí wọ́n fi ọmọ òun wé ẹni tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ló wà nílẹ̀ tí mo ń lọ yá àtúnṣe. Mo mú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, àwọn tó wà láàárín 55 sí 64: amusìgá 115, 51 kú. Àwọn tí kò mu ún rí 121, 40 kú. Nínú ọgọ́rùn-ún, 44 sí 33. Ẹgbẹ́ 45 sí 54: 21 sí 15. Ẹgbẹ́ 35 sí 44, 14 kú nínú 109 lápá kan, 7 nínú 121 lápá kejì, ìyẹn ju ìlọ́po méjì lọ.

Bàbá ò sọ̀rọ̀ láti ìgbà yẹn. Ó kàn dìde, ó lọ ṣí kádíbọ́ọ̀dù mi padà, ó tẹ ìka mọ́ ọ̀wọ́ kejì. "Ibí yìí ńkọ́?" Ẹgbẹ́ 25 sí 34. Amusìgá 124, 3 kú. Àwọn yòókù 157, 5 kú. Àwọn amusìgá ló kú kéré jù níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ti rí ọ̀wọ́ yẹn nílé, kí n sọ òótọ́, ó ṣe mí bíi pé kí n má kọ ọ́. Ká ní mo fo ó ni, tí Bàbá wá rí i níbòmíràn, ìbò àná la máa padà sí.

Mo ní ẹ̀yin lẹ jàre, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ wá jẹ́ ká wò ó: ká ní amusìgá kan ṣoṣo ló kú sí i nínú àwọn 124 yẹn, kí 3 di 4, ẹ fi fóònù yín ṣírò ẹ̀. Wọ́n ṣírò ẹ̀. Ọwọ́ ti yí padà, ó fi bín-ín-tín ju tàwọn yòókù lọ. Mo ní ohun tí òkú ẹnì kan lè yí padà, ṣé a lè fi ṣẹ̀rí? Àwọn ọ̀dọ́ ò kú púpọ̀, òkú 3 àti òkú 5 ò tó gbé ẹjọ́ ró. Bàbá ní òun gbọ́. Kò sọ pé òun gbà.

Tíṣà ìṣirò kan ló wá béèrè ohun tó kàn, pé ó dáa, ẹgbẹ́ méje la ní, ẹ̀yin ẹ sì máa ń sọ nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú ìwé yín, báwo lẹ ṣe ń so méje di ẹyọ kan? Mo ti múra èyí sílẹ̀ pẹ̀lú èdè wa ti ibi iṣẹ́, mo gbé gbogbo ẹ̀ jù sẹ́yìn, mo kọjú sí ìyá kan tó ń ta gàrí. Mo ní ẹ̀yin Ìyá, tí kóńgò tiyín bá kún, tí ti ẹlòmíì jẹ́ èyí tí wọ́n ti lu ìdí ẹ̀ wọlé, ṣé èèyàn lè sọ pé gàrí tiyín wọ́n ju tiẹ̀? Ó ní láé, àfi kí wọ́n fi kóńgò kan náà wọn méjèèjì. Mo ní ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn. Àwọn amusìgá mú kóńgò tí ọ̀dọ́ pọ̀ nínú ẹ̀ wá, àwọn yòókù mú èyí tí arúgbó pọ̀ nínú ẹ̀ wá. A ó wá kóńgò kan, a ó fi wọn méjèèjì.

Kóńgò wa ni gbogbo àwọn obìnrin 1314 yẹn lápapọ̀, bí ọjọ́ orí wọn ṣe rí. Ká ní gbogbo wọn kú bí ẹgbẹ́ wọn tó ń mu sìgá ṣe kú, èèyàn mélòó ni? Ká tún ní gbogbo wọn kú bí ẹgbẹ́ wọn tí kò mu ún rí ṣe kú, mélòó ni? Àwọn tó wà ní 55 sí 64 jẹ́ 236 lápapọ̀: tí wọ́n bá kú bí amusìgá, bíi 105, tí wọ́n bá kú bí àwọn yòókù, 78. A pín ọ̀wọ́ yòókù fún ara wa, gbogbo fóònù jáde. Nígbà tí a ro ó pọ̀, ó jẹ́ 398 lápá amusìgá, 340 lápá àwọn yòókù. Ẹnì kan ní 399 ni tòun, àwọn tíṣà ìṣirò méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í jà, ó wá di pé ó ti sọ nọ́ńbà ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan di odidi tó sún mọ́ ọn jù kó tó ro wọ́n pọ̀ ni. Inú mi dùn sí ìjà yẹn ju ohunkóhun lọ. Èèyàn kì í jà lórí nọ́ńbà tí kì í ṣe tiẹ̀.

Nínú ọgọ́rùn-ún, 24 sí 31 ni tẹ́lẹ̀, ó di 30 sí 26. Bàbá wò ó títí, ó ní, "Ẹ ò fi òkú kún un, ẹ ò sì jí ẹnikẹ́ni dìde." Mo ní rárá. Ó ní, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń pè é ní àtúnṣe nígbà náà?" Mi ò rí èsì fọ̀ títí di ìsinyìí.

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, àmọ́ wọ́n ti gbádùn ẹ̀. Tíṣà ìṣirò kejì ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ká tún fi ẹgbẹ́ wé ẹgbẹ́ nínú gbogbo nǹkan yòókù, olówó pẹ̀lú olówó, ọlọ́tí pẹ̀lú ọlọ́tí, oníkọ́ pẹ̀lú oníkọ́. Mo ní méjì àkọ́kọ́ dáa, ìṣòro tó wà ńbẹ̀ ni pé tábìlì tí mo gbé wá ò sọ ẹni tó lówó tàbí ẹni tó ń mutí, ohun tí wọn ò bá sì kọ sílẹ̀, kò sí ọgbọ́n tí a lè fi pín in. Ìkẹta yẹn ni mo dúró lé lórí, torí mo ti rí àwọn tó kàwé gan-an tó ń ṣubú síbẹ̀. Ikọ́ yẹn, sìgá ló lè fà á. Tí o bá fi oníkọ́ amusìgá wé oníkọ́ tí kò mu ún, o ti yọ apá kan lára ohun tí sìgá ṣe kúrò kó o tó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ó dà bí ilé tó jóná, tí o kó gbogbo ohun tó jó síta, o wá wọlé, o ní iná yìí ò mà ba nǹkan kan jẹ́. Ọjọ́ orí ò rí bẹ́ẹ̀, sìgá kọ́ ló bí wọn síbi tí wọ́n bí wọn sí. Ohun tó wà nílẹ̀ kí sìgá tó dé, fi ẹgbẹ́ wé ẹgbẹ́ níbẹ̀. Ohun tí sìgá bí, fi í sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ wa jọra, ohun tí mo ti yí padà láti ọjọ́ yẹn nìyí. Mi ò kì í kọ́kọ́ sọ èsì tó tọ́ mọ́, èyí tó ń tanni ni mo kọ́kọ́ ń gbé sílẹ̀, màá sì dákẹ́ títí ẹnì kan á fi béèrè ta ni wọ́n fi wé ta ni. Wọ́n máa béèrè, ẹ má kánjú, àwọn tó ń ra ọjà tó ń ta ọjà ti ń fi nǹkan wé nǹkan kí a tó lọ sí yunifásítì. Tábìlì méje-méje kì í kọ́kọ́ jáde mọ́, ọ̀wọ́ kan ni, àmọ́ gbogbo ẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn kádíbọ́ọ̀dù fún ẹni bíi Bàbá. Mi ò sì jẹ́ kí nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn nìkan dá rìn mọ́. Ìyá Gbági ló la ojú mi síyẹn: ó ní 30 sí 26 ò pọ̀, ó wá wo ìsàlẹ̀ tábìlì, àwọn tó ti tó 75 jẹ́ 77, gbogbo wọn ló kú, amusìgá àti ẹni tí kò mu ún. Ó ní àwọn yẹn ti bo àwọn ẹni ogójì ọdún tó kú mọ́lẹ̀. Òótọ́ ló sọ, nínú iṣẹ́ wa gan-an a máa ń gbàgbé ẹ̀.

Nígbà tí mo ń ká kádíbọ́ọ̀dù, Bàbá tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní òun ti lé ní 65, òun sì ti wo ẹgbẹ́ tòun, 65 sí 74, lára ògiri: amusìgá 36, 29 kú, àwọn yòókù 129, 101 kú, 81 sí 78. "Ó ku mẹ́ta péré. Èmi tí mo ti dé bí mo ṣe dé yìí, kí ló tún kù tí sìgá fẹ́ fi mí ṣe?" Ìyàwó ẹ̀ dáhùn láti inú ilé pé obìnrin ni gbogbo àwọn tó wà lára ògiri, ṣé òun náà ti di obìnrin ni. Mo sọ fún un pé èèyàn 36 ò pọ̀, mo tún sọ fún un pé ẹni tó kú láàárín 20 ọdún nìkan ni tábìlì yẹn kà, ẹni tó kú lọ́dún kìíní àti ẹni tó kú lọ́dún kọkàndínlógún, ojú kan náà ni wọ́n wà.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ọdún tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kú, ṣé wọ́n kọ ọ́ síbì kan?" Mo ní kò sí lórí kádíbọ́ọ̀dù tèmi yìí, sà. Ó mú páálí sìgá jáde látinú àpò, ó wò ó, ó tún dá a padà. "Lọ wá a wá."